Abọ́ Ìyá Yín Tó Bá Ìkórè Lọ

Ilé Adéjọbí,
Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì,
Ọ̀tan-Ilé.
Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìkórè.

Akọ̀wé mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú wàhálà ìjọba, ẹ kú lílọ bíbọ̀ Òṣogbo sí Àbẹ̀rẹ̀ láràárọ̀ àti Àbẹ̀rẹ̀ sí Òṣogbo nírọ̀lẹ́. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹ ń fi nǹkan sẹ́nu kí ẹ tó jáde? Ọlọ́run tó mú òjò ọdún yìí rọ̀ débi tó yẹ, tó sì dá a dúró nígbà tí a fẹ́ wa iṣu, á máa bá yín wọ mọ́tò, á máa bá yín sọ̀ kalẹ̀, kò ní í fi yín sílẹ̀ lójú ọ̀nà lọ́jọ́ kankan. Gbogbo ilé ń kí yín. Ewúrẹ́ tí ìyá yín fi sílẹ̀ ti bí ìbejì, ara bàbá yín sì le, àyàfi orúnkún wọn tó máa ń dùn wọ́n tí ọyẹ́ bá fẹ́ wọlé. Oko ni wọ́n wà báyìí, ìyẹn ni mo fi ráyè jókòó sídìí tábìlì kọ lẹ́tà yìí, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n rí i kí n tó kọ ọ́ tán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìkọ̀wé mi rẹ́rìn-ín. Ìwé kẹrin ni mo kà dé ní Iléṣà kí n tó lọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ, abẹ́rẹ́ sì mọ́ mi lọ́wọ́ ju bírò lọ. Bàbá yín ní kí n máa pè yín ní Títílọpẹ́, pé ọmọ mi lẹ jẹ́ báyìí, àmọ́ ẹnu mi ò gbà á. Wọ́n ti bí yín sínú ilé yìí kí n tó wọ̀ ọ́, ìyá mi sì kọ́ mi pé ìyàwó kì í la orúkọ mọ́ ọmọ tó bá nílé ọkọ lórí, bó ti wù kí ọmọ náà kéré tó. Mo wá rò ó pé kí n máa pè yín ní Akọ̀wé, torí iṣẹ́ ìwé lẹ ń ṣe. Tí kò bá dùn mọ́ yín, ẹ sọ fún mi, mo ní òmíràn nílẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mo lò láyé kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ ìyàwó, ojú ṣì ń tì mí. Tí bàbá yín bá pè mí níwájú àlejò, ńṣe ni mo máa ń sá wọ kíṣìnì bí ẹni pé nǹkan ń jóná níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń gbọ́ ìròyìn wa lórí fóònù, torí gbogbo èyí tí mo ń kọ sí yín lórí Wọ́sáàpù láti oṣù kẹjọ tí a ti ṣègbéyàwó lẹ ti máàkì. Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kí yín kú àárọ̀, tí mo rí àmì méjì tó yọ nísàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan fẹ̀yìn ti èkejì, tí wọ́n sì di aláwọ̀ búlúù, inú mi dùn débi pé mo gbé fóònù náà lọ fi han bàbá yín lóko. Tíṣà wa ní Iléṣà, Tíṣà Bọ́lárìnwá, pupa ni bírò tirẹ̀, kì í sì í fún èèyàn ju àmì kan lọ, èmi gan-an kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ẹyọ kan náà gbà. Èmi yìí kan náà ni wọ́n wá ń máàkì ní méjì méjì láti Òṣogbo. Mo kọ̀wé nípa òjò, ẹ máàkì í. Mo kọ̀wé nípa adìyẹ tó lọ yé sínú àpótí aṣọ, ẹ máàkì í. Mo bi yín bóyá ẹ máa wá síbi ìkórè, ẹ máàkì ìyẹn náà, mo wá mọ̀ pé ìbéèrè náà dára, mo ń retí ìdáhùn rẹ̀. Bàbá yín wo fóònù náà títí, wọ́n ní ó dáa, wọ́n dá a padà fún mi, wọ́n sì ń wa iṣu wọn lọ.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí, mi ò lè kọ ọ́ sórí fóònù, ẹ̀rù ń bà mí pé òdo lẹ máa fún mi. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ síbi ìkórè, ọwọ́ mi ló sì ti ṣẹlẹ̀. Abọ́ ìyá yín ni, abọ́ tánganran ńlá olódòdó pupa yẹn. Ó ti kúrò nílé. Mo ti sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa lẹ́tà yìí dé, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má kàn gbọ́ ibi tó burú nìkan.

Ṣọ́ọ̀ṣì dára lọ́jọ́ náà o. Àwọn ọkùnrin ìjọ ti gé igi àgbàdo gbígbẹ láti oko, wọ́n dè é mọ́ orí àga kọ̀ọ̀kan, imọ̀ ọ̀pẹ tẹ̀ kọrọdọ lẹ́nu ọ̀nà, odidi igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì sì dúró lọ́tùn-ún àti lósì pẹpẹ, tewé tèso, bí ẹni pé orí símẹ́ńtì yẹn ni wọ́n gbìn ín sí. Òórùn ọsàn, òórùn iṣu tí erùpẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, òórùn aṣọ tó ti pẹ́ nínú àpótí pẹ̀lú káńfọ̀. Bí mo ṣe fi imú fa òórùn yẹn, mo padà di ọmọ ọdún méje ní Iléṣà.

Ẹ bá mi fara dà á, tí ọ̀rọ̀ ìkórè bá délẹ̀ mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí ìkórè bá ku ọ̀sẹ̀ kan, bàbá mi á gé imọ̀ ọ̀pẹ, wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa hun apẹ̀rẹ̀. Ńlá ni tiwọn, ti ìyá mi ṣe déédéé, tèmi kéré, ó tó kí ọsàn mẹ́ta àti ẹyin méjì wọ̀ ọ́. Wọ́n kì í jẹ́ ká fọwọ́ kan iṣu tuntun títí a ó fi gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ebi iṣu á máa pa mí, mo á máa gbọ́ òórùn rẹ̀ nínú àká, mo á lọ dúró sẹ́nu àká, mo á kàn máa wò ó. Láàárọ̀ ìkórè, a ó tò lẹ́sẹẹsẹ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, bàbá mi níwájú, èmi lẹ́yìn pátápátá, ìrì á máa rin wá lẹ́sẹ̀, àwọn ilé tó kù náà á máa yọ láti orí òkè tiwọn, funfun lórí funfun, ẹrù lórí, gbogbo wa á sì pàdé lẹ́nu géètì. Ohùn bàbá mi kò bá dùùrù mu lọ́jọ́ kankan, àmọ́ lọ́jọ́ ìkórè kò sẹ́ni tó ń sọ pé kí wọ́n rẹ ohùn wọn sílẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ wa kì í padà sílé. Tiṣutiṣu tapẹ̀rẹ̀tapẹ̀rẹ̀ ni ẹni tó bá rà á máa ń gbé e lọ, bàbá mi á sì ní kò burú, imọ̀ ọ̀pẹ ṣì wà lóko. Ọdún kẹtàlélógún rèé tí wọ́n ti sùn, mi ò tíì rí apẹ̀rẹ̀ tó dà bíi tiwọn.

Ibi tí mo mọ̀ nípa ìkórè nìyẹn kí n tó dé Ọ̀tan-Ilé. Tibí lọ́jú díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìkórè, Ọ̀gbẹ́ni Òkìkí, akọ̀wé ìjọ, fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní fọ́ọ̀mù, bàbá yín sì ní èmi ni kí n kọ ọ́ torí ojú wọn ò ríwèé kà dáadáa mọ́. Mo kọ orúkọ, mo kọ iṣẹ́. Wọ́n ní kí n kọ ímeèlì, mo bi Ọ̀gbẹ́ni Òkìkí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ibi tí lẹ́tà á ti máa bá èèyàn ni. Mo wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé lọ́wọ́ Láńrewájú tó ń wa mọ́tò Òṣogbo, òun náà ló máa gbé èyí wá fún yín. Wọ́n kà á, wọ́n wúkọ́, wọ́n ní ó ti tó. Ibi tó wá há mi lọ́rùn ni ibi tí wọ́n kọ iye ọmọ sí. Mi ò bímọ, mi ò sì lè kọ òdo síwájú orúkọ bàbá yín, irọ́ nìyẹn máa jẹ́. Mo kọ ọ̀kan. Mo wá rò ó pé ta ló fún mi láṣẹ, mo fi ráḿbà pa á rẹ́ títí ìwé fi fẹ́ya díẹ̀. Ìgbà tó yá mo fi pẹ́ńsù kọ ọ̀kan padà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ó lè rọrùn láti nù kúrò tí ẹ bá ní ẹ ò fẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, bàbá yín gbé àga sídìí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n gun un pẹ̀lú orúnkún wọn yẹn, wọ́n sọ abọ́ ìyá yín kalẹ̀. Etí ẹ̀wù wọn ni wọ́n fi nù ún. Wọ́n jókòó tì í, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu wọn, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ní inú abọ́ yẹn ni wọ́n ti wẹ̀ yín nígbà tí ẹ wà lọ́mọ ọwọ́. Wọ́n ní òun ni ìyá yín máa ń rù lọ síbi ìkórè lọ́dọọdún, pé tí wọ́n bá ti rí i tí òdòdó pupa yẹn ń bọ̀ láti ọ̀ọ́kán, àwọn èèyàn á ní ìkórè ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n sọ ti ìkórè àwọn ọmọdé tí ẹ fẹ́ ka ẹsẹ Bíbélì sórí, tí ẹ wọ bàtà funfun tó tóbi jù yín lọ, tí ẹ dé iwájú tí ẹ gbàgbé gbogbo rẹ̀, tí ẹ wá wo gbogbo ìjọ láti ọ̀tún dé òsì, tí ẹ ní ẹ kú ìjókòó o, tí ẹ sì padà síjòókòó yín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn, mo sì ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn bí ẹni pé mo wà níbẹ̀. Akọ̀wé, ó ń dùn mí nígbà mìíràn pé mi ò sí níbẹ̀. Mo bi wọ́n pé ṣé kí n rù ú lọ. Wọ́n ní ta ló tún máa rù ú.

Ni mo bá di iṣu mẹ́fà sínú rẹ̀, mo fi ọsàn dí àárín wọn, mo to ata rodo yípo etí rẹ̀, mo rù ú, mo sì wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ojú ló yí sí mi. Mo rò pé iṣu ni wọ́n ń wò.

Ìsìn dùn, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má jókòó. Nígbà ọrẹ, wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní pí-ó-ẹ́ẹ̀sì kiri, bàbá yín na káàdì wọn, ẹ̀rọ náà dún kín-ín, ó pọ ìwé pélébé kan, ẹni tó gbé e sì nà án sí mi. Ní Iléṣà nígbà náà, tí èèyàn bá ti mú ọrẹ ìkórè wá, wọ́n á fún un ní ìwé pélébé tí ẹsẹ Bíbélì wà lórí rẹ̀, mo wá mọ̀ pé tayé òde òní nìyẹn. Nọ́ńbà ló kún inú rẹ̀. Mo ka mẹ́ta àkọ́kọ́, mo ṣí ìwé orin, orin ìgbéyàwó ló bọ́ sí! Ojú tì mí, mo pa ìwé orin dé kíá, àmọ́ inú mi dùn pé Ọlọ́run gbọ́ nípa wa. Mo ti fi ìwé náà sínú Bíbélì mi. Lẹ́tà orí rẹ̀ ti ń parẹ́, bàbá yín ní kí n má ṣèyọnu, pé a ti mọ orin náà sórí.

Lẹ́yìn ìsìn ni gbàǹjo. Bàbá Béjidé ló ń tà, ẹ mọ ẹnu wọn. Wọ́n gbé elégédé kan sókè, wọ́n ní ẹ wo ikùn olóyè. Wọ́n ní kí Bàbá Awóníyì yé fara pamọ́ sẹ́yìn òpó, pé ìyàwó rẹ̀ ti sọ fún àwọn pé kò sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ nílé. Gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó kan tiwa, wọ́n fi ìka kan abọ́ náà, ó dún gooro, wọ́n ní ẹ gbọ́ ohùn ìlú òyìnbó, wọn kì í ṣe irú èyí mọ́. Obìnrin kan tó ń ṣòwò abọ́ láti Iléṣà dá iye kan. Màmá Fẹ̀hìntọlá, ìyá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, fi lé e. Obìnrin yẹn fi lé e, Màmá Fẹ̀hìntọlá tún fi lé e, wọ́n ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀, ìjọ ń hó, èmi sì ń sọ lọ́kàn mi pé iṣu wa mà dára o. Nígbà tí Màmá Fẹ̀hìntọlá borí, mo pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé, mo pàtẹ́wọ́! Wọ́n gbé abọ́ náà rù tiṣutiṣu, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, wọn ò wò mí, wọ́n sì jáde.

Mo yíjú sí bàbá yín, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Mo bi wọ́n pé ìgbà wo ni Màmá Fẹ̀hìntọlá máa dá abọ́ wa padà. Wọ́n wá ní níbí, tí èèyàn bá fẹ́ gba abọ́ rẹ̀ padà, ó gbọ́dọ̀ so àjákù aṣọ funfun mọ́ etí rẹ̀, kí ẹni tó ń tà lè da ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ kó sì dá abọ́ padà. Èyí tí kò bá ní aṣọ létí, tòun ti ẹrù inú rẹ̀ ni wọ́n ń tà. Ìyá yín kì í gbàgbé láti so ó. Wọ́n ní àwọn làwọn gbàgbé láti sọ fún mi, pé wọn ò so ó rí fúnra wọn, pé abọ́ lásán ni, kí n jẹ́ ká lọ jẹun. Èmi yìí, Akọ̀wé, ránṣọránṣọ! Ẹni tí àjákù aṣọ kún ilé rẹ̀ débi pé ó ń fi í nu fèrèsé! Iyán tí mo gún lọ́jọ́ náà, bàbá yín kàn ń fi ọwọ́ ṣà á kiri nínú àwo ni. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, àga tí wọ́n gùn ṣì wà nídìí kọ́bọ́ọ̀dù. Wọn ò gbé e kúrò, mi ò sì lè gbé e kúrò.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé mo lọ sílé Màmá Fẹ̀hìntọlá. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo kí wọn lẹ́ẹ̀mẹta, ohùn mi ò jáde dáadáa. Wọ́n ní ta nìyẹn. Wọ́n ní áà, ìyàwó, láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọ wọ ìlú yìí mi ò tíì gbọ́ ohùn rẹ, àfi bí ẹni pé inú abọ́ tí o tà yẹn lo tọ́jú rẹ̀ sí. Mo kúnlẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n gbà á padà, pé màá rán aṣọ fún àwọn àti Fẹ̀hìntọlá fún ọdún kan, irú èyí tó bá wù wọ́n, ti ṣọ́ọ̀ṣì, tòde. Wọ́n ní rárá. Mo ní ọdún méjì. Wọ́n ní ṣé o rò pé ìhòòhò ni mò ń rìn ni? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mo rò pé wọ́n kórìíra mi nítorí pé mo wà níbi tí ìyá yín, ọ̀rẹ́ wọn, wà tẹ́lẹ̀.

Ìgbà náà ni wọ́n ní kí n dìde, kí n jókòó sórí àga bí ọmọ èèyàn. Wọ́n ní abọ́ náà kì í ṣe tàwọn, kì í ṣe tèmi, kì í sì í ṣe ti Adéjọbí. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n bí yín, ara ìyá yín ò yá, àwọn gan-an ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn wẹ̀ yín nínú rẹ̀ títí ẹ fi pé ogójì ọjọ́. Wọ́n rí i pé kò sí aṣọ létí rẹ̀ látìgbà tí mo ti ń gbé e wọlé, wọ́n rò pé ńṣe ni mo fẹ́ ta á dànù, inú bí wọn. Ìgbà tí wọ́n wá rí mi tí mò ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ó yé àwọn pé mi ò mọ nǹkan kan. Wọ́n ní àwọn ò lè jẹ́ kí obìnrin Iléṣà yẹn gbé e lọ sọ́jà, kó di ohun tí wọ́n ń fi bu ẹ̀wà tà. Wọ́n mú mi wọ yàrá. Ó wà lórí ẹní, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n sì fi aṣọ mímọ́ bò ó. Wọ́n ní níbẹ̀ ló máa wà. Wọ́n ní ọmọ tí wọ́n wẹ̀ nínú rẹ̀ nìkan làwọn máa gbé e fún, lọ́wọ́ sí ọwọ́, pé kí n sọ fún yín bẹ́ẹ̀, pé kí ẹ wá ulé. Ọdún méjì tí ẹ ò ti délé ti pọ̀ jù. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an ni mo kọ ọ́ yẹn, ẹ má bínú sí mi. Wọ́n fún mi ní iṣu kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé kí n lọ gún un fún ọkọ mi.

Akọ̀wé, mo mọ̀ pé ilé yìí á ṣòro fún yín láti wọ̀. Bàbá yín sọ fún mi pé láti ìgbà tí ẹ ti sin ìyá yín ẹ ò wá mọ́, ẹ ò sì wá síbi ìgbéyàwó wa, wọn ò sì dá yín lẹ́bi, èmi náà ò dá yín lẹ́bi. Tó bá jẹ́ èmi ni, tí obìnrin kan gba ibi tí apẹ̀rẹ̀ bàbá mi wà, bóyá mi ò ní í lè wò ó. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ bí nǹkan ṣe wà ni. Mi ò ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ìyá yín. Fọ́tò wọn wà níbi tó wà, èmi ni mò ń nù ún ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo sì máa ń kí wọn tí mo bá ń nù ún. Yàrá yín wà níbẹ̀, mo ti yọ ẹ̀rọ ìránṣọ mi kúrò nínú rẹ̀, ìgbà tí mo kọ́kọ́ dé ni mo gbé e síbẹ̀, mi ò mọ̀ pé yàrá yín ni.

Bàbá yín ní tí mo bá ń kọ̀wé sí yín lọ́jọ́ kan, kí n sọ fún yín pé ojú wọn ń fẹ́ awò tuntun, pé kí ẹ fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ tí ìjọba bá ti sanwó. Òtítọ́ ni, Bíbélì ti ń jìnnà sí wọn, wọ́n á na ọwọ́ títí kí wọ́n tó rí i kà. Mo sì fẹ́ tọrọ owó òwú funfun lọ́wọ́ yín fúnra mi, ojú ń tì mí láti sọ ọ́, àmọ́ mo ti sọ ọ́ báyìí. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé owó náà kò pọ̀, ẹ má fi ránṣẹ́ sí wa rárá, ẹ fi wọ mọ́tò. Láńrewájú ní òun á yà fún yín láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi níbikíbi tí ẹ bá ní kí òun ti gbé yín.

Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ yìí ni ìdúpẹ́ ìdílé. Wọ́n á máa pe ìdílé kọ̀ọ̀kan jáde pẹ̀lú orúkọ, bàbá, ìyá àtọmọ, wọ́n á jó lọ síwájú pẹpẹ, àlùfáà á sì gbàdúrà fún wọn. Bí a-bí-dí ṣe lọ ni wọ́n ń pè é, Adéjọbí ni ìkejì, kí aago mẹ́wàá tó lù wọ́n á ti pè wá tán. Mo bi Láńrewájú ìgbà tí mọ́tò rẹ̀ máa ń dé láti Òṣogbo lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ní ó di aago mọ́kànlá, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lánàá, mo dá lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Òkìkí lọ́fíìsì, mi ò sọ fún bàbá yín. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n gbé orúkọ wa lọ sí ìparí. Wọ́n ní kò ṣeé ṣe, lẹ́tà A kò lè wà lẹ́yìn Y, láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ìjọ sílẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo máa ń bẹ èèyàn kí n tó dákẹ́, bí mo ṣe rí nìyẹn. Lánàá mi ò dákẹ́. Mo ní wọ́n kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù pé ìdílé ni wọ́n máa pè, ìdílé wa kò sì tíì pé ní aago mẹ́wàá, ọmọ wa wà lójú ọ̀nà. Wọ́n wò mí. Wọ́n bi mí bóyá ẹ sọ pé ẹ ń bọ̀. Mo ní ẹ ò tíì sọ. Wọ́n mú rúlà, wọ́n fa ìlà lé Adéjọbí lórí lókè, wọ́n sì kọ ọ́ padà sí ìsàlẹ̀ pátápátá.

Ọlọ́run tó ń so èso fún ẹni tó gbìn àti ẹni tí kò gbìn, kó fi oúnjẹ sínú abọ́ yín, kó fi ọ̀rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ yín, kó fi ẹ̀rín sẹ́nu yín lọ́fíìsì, kó sì tún ojú ọ̀nà Òṣogbo sí Ọ̀tan-Ilé ṣe kí ó tó di àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Èmi àti bàbá yín á jókòó sí àga kẹta láti ẹ̀yìn, lọ́wọ́ ẹnu ọ̀nà. Mo ti sọ fún wọn pé ibẹ̀ ni atẹ́gùn ti ń fẹ́.

Èmi ni,
Julianah,
ìyàwó bàbá yín.